Ọdẹ́wálé àti Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Èmi kọ́ ni mo lá àlá tí mo fẹ́ sọ yìí o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí mo mọ̀ yín. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó ní, "Káṣìmáwò, orí rẹ ti dàrú." Orí mi kò dàrú. Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́wálé ló lá a, lójú oorun tirẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wú. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó ní sùúrù kí n dé ibi tí ẹ̀rín wà.

Ẹ ṣáà mọ píkọ́ọ̀pù Ọdẹ́wálé. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọkọ̀ náà ti dàgbà, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ àwọ̀ tó bá wá sáyé. Nígbà tí Ọdẹ́wálé ń fi í kó iṣu, ó ní kí wọ́n fi ewé irin kún sípíríǹgì ẹ̀yìn kó lè gbẹ́rù. Wọ́n fi kún un. Ó tún ní kí wọ́n fi kún un. Nígbà tó yá, ìdí ọkọ̀ gbé sókè, imú rẹ̀ wá ń wo ilẹ̀. Bí kò bá ti sí ẹrù nínú rẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó ń kí àgbà. Bó bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn ọmọdé a máa dá a lóhùn pé, "Pẹ̀lẹ́ o, dìde."

Ẹ̀rín nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti jẹ́ ẹ̀rín mọ́ nìyí. Ìyá Ọdẹ́wálé, Màmá wa, ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù láyé, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Abà, torí abà Olókùúta ni wọ́n ń gbé. Màmá Abà kò lè rìn mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti pé, ìyá Ọdẹ́wálé a gun iwájú ọkọ̀, wọ́n a lọ kí wọn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò a jókòó sórí ẹní, wọ́n a máa bú àwọn tó ti kú. Ṣùgbọ́n òkúta ńlá kan wà láàárín ọ̀nà abà yẹn tí kò ṣeé yà fún. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kẹ́yìn, òkúta náà ha abẹ́ ẹ́ńjìnnì, gbogbo ọ́ìlì dà sílẹ̀. Màmá jókòó lórí òkúta nínú oòrùn títí katakata fi wá fà wọ́n délé. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tíì padà lọ.

Rábíù tó ń ta sípíríǹgì wá gbé oríṣi méjì wá. Ó pe ọ̀kan ní Agbọ́kọ̀ga. Ìyẹn máa gbé gbogbo ọkọ̀ sókè, iwájú àti ẹ̀yìn, òkúta kò ní lè fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ mọ́. Ó pe èkejì ní Amọ́kọ̀tẹ́jú. Iwájú nìkan ni ìyẹn máa gbé díẹ̀, kí imú ọkọ̀ lè bá ìdí rẹ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá mú Amọ́kọ̀tẹ́jú, Màmá á lè gun ọkọ̀, ṣùgbọ́n òkúta lè tún mú wọn. Bí wọ́n bá mú Agbọ́kọ̀ga, wọ́n á kọjá òkúta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Màmá kò ní tó ẹnu ilẹ̀kùn láéláé. Kí ẹ má sì bi mí pé ṣé wọn ò lè gbé Màmá wọlé ni. Rábíù bi Màmá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wò ó látòkè délẹ̀.

"Wọn kì í gbé mi," ni Màmá wí. "Ẹrù ni wọ́n ń gbé."

Ni Ọdẹ́wálé bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ayé. Ó bi mí, mo ní kó mú èyí tó ga. Ó bi ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tinúadé, ìyẹn ní èyí tó tẹ́jú. Ó bi ẹni tó ń gẹ irun fún un, ó sì yí orí padà débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí. Bó bá ń jẹun, sípíríǹgì. Bó bá ń wẹ̀, sípíríǹgì. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo síwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Tinúadé, ṣé kí n bù ú mọ́ ọbẹ̀ fún yín ni?" Rábíù náà ti sú. Ó ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun ń bọ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ òun, kí wọ́n mú ọ̀kan tàbí kóun kó méjèèjì lọ fún ẹni tó mọ ohun tó ń fẹ́. Ọdẹ́wálé sùn láìtíì mú ọ̀kan.

Ìkíni ni àlá náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́wálé ní òun ṣílẹ̀kùn, òun sì bọ́ síta, ni píkọ́ọ̀pù ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọdẹ́wálé ní, "Káàárọ̀. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, sà. Ẹ ò tíì ní kí n dìde."

"Ìgbà wo lo ti dọ̀bálẹ̀?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń kó iṣu ni. Mo kí yín, ẹ ò dá mi lóhùn, ẹ kàn ń di ẹrù lé mi lẹ́yìn."

Ojú ti Ọdẹ́wálé gan-an. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Ọ̀rọ̀ iṣu ló gbà mí lọ́kàn. Dìde." Ọkọ̀ náà ti ọwọ́ mọ́lẹ̀ (ó ní ó lọ́wọ́, mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀), ó gbìyànjú, kò lè dìde. Ó ní àyà ń dun òun, ó ní àfi kí wọ́n fún òun ní sípíríǹgì.

Bó ṣe pè wọ́n báyìí, ni sípíríǹgì méjèèjì bá jáde látinú àpò tí Rábíù kó wọn sí. Agbọ́kọ̀ga ga lọ bí òpó iná, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Amọ́kọ̀tẹ́jú pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́ sórí àpótí, ó fi aṣọ bo orúnkún.

Agbọ́kọ̀ga ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá mú mi, àtàrí gbogbo ará ìlú ni ẹ ó máa wò. Ẹ ó mọ ẹni tó ti ń pá."

Amọ́kọ̀tẹ́jú ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá mú mi, ẹ lè gbé ife omi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín, kò ní dànù."

"Ta ló ń gbé omi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

"Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ."

"Ìwọ kúkúrú yìí, o ti yájú jù!"

"Ìwọ gíga yìí, ta ló bí ọ?"

Ọdẹ́wálé dúró sáàárín, ó ń mi orí. Ó ní lójú òun, àwọn méjèèjì ló gbọ́n. Nígbà tí ìjà náà fẹ́ di ìjà ọwọ́, píkọ́ọ̀pù gbé imú sókè díẹ̀, ó ní kí wọ́n yéé pariwo, ó ní irú ẹjọ́ báyìí, Iléeṣẹ́ Gíga àti Kúkúrú ló ń dá a. Ọdẹ́wálé ní, "Ṣé ó jìnnà?" Ọkọ̀ ní kò jìnnà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni.

Lóòótọ́, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà. Ilé alájà méjì ni, inú òfuurufú ló ń fò, wọ́n fi okùn ewúrẹ́ so ó mọ́ etí kànga. Ẹ̀ṣọ́ kan di okùn náà mú, ó ń làágùn. Ó ní, "Ẹ tètè wọlé, bàbá. Afẹ́fẹ́ ti ń dìde. Lánàá ló gbé ẹ̀ka tó ń rí sí àṣìṣe lọ, a ò tíì mọ ibi tí wọ́n balẹ̀ sí." Ọdẹ́wálé kí i kú iṣẹ́. Ó wá ọ̀nà tí yóò gbà gòkè, ló bá rí i pé orúnkún ni gbogbo àtẹ̀gùn ilé náà. Orúnkún èèyàn ni o. Bó ti ń tẹ̀ wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan ń fi ohùn Màmá sọ pé, "Yéè, orúnkún mi o." Ó ń tẹ̀ wọ́n, ó ń tọrọ àforíjì, ó ń gòkè. Mo ní, "Ẹ̀rù ò bà ọ́?" Ó ní kí ló fẹ́ bà òun lẹ́rù níbẹ̀, àtẹ̀gùn ṣáà ni.

Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà wọ kóòtù, ó fi awò ojú sí ìsàlẹ̀ imú. Kò ní kí Ọdẹ́wálé jókòó.

"Ta lẹ fẹ́ sọ di gíga?"

"Ọkọ̀ mi ni, sà."

"Ṣé ó ti tó ẹni tó ń ga?"

"Ó ti dàgbà, sà. Ó ti ju ẹlòmíì tó ga lọ."

"Kí ló fẹ́ fi gíga ṣe?"

"Òkúta kan ló wà lójú ọ̀nà abà, sà. Òun ni kì í jẹ́ ká rí ẹ̀gbọ́n ìyá mi."

Ọ̀gá ní kí wọ́n pe òkúta wá. Kò jìnnà pẹ̀lú. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí látàárọ̀, ó wọ agbádá funfun, bẹ́ǹṣì náà ti tẹ̀ wọlẹ̀. Ó dìde, ó tún aṣọ ṣe.

Òkúta ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ wò mí dáadáa. Mo jọ ẹni tó ń rìnrìn àjò bí? Ilé mi ni mo jókòó sí jẹ́jẹ́. Àwọn ni wọ́n ń wá fi ikùn họ mí lórí. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n da ọ́ìlì sí mi lára, ìyá rẹ̀ tún wá jókòó lé mi, kò sí 'ẹ jọ̀ọ́', kò sí 'ẹ ṣeun'."

Ọdẹ́wálé ní òótọ́ kún ọ̀rọ̀ òkúta. Ó ní òun dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọ̀gá wá gbé ọwọ́ sókè láti dájọ́. Ó ní, "Ìdájọ́ mi ni pé kí ọkọ̀ yìí mẹ̀..." Ó dákẹ́, ó wú ikọ́. Ó tún ní, "Kí ọkọ̀ yìí mẹ̀ẹ́..." Kí a tó wí, irùngbọ̀n ti hù ú, etí rẹ̀ ti wọ́ sílẹ̀, ìwo méjì ti yọ. Ewúrẹ́ ló kù nínú kóòtù. Ọdẹ́wálé ní òun kàn dúró kí wọ́n ṣe tán ni.

Obìnrin kan tó jókòó ní kọ̀rọ̀ ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán."

"Kò burú. Igbákejì wọn ńkọ́?"

"Igbákejì ti di ewúrẹ́ láti àárọ̀. Òun ló jẹ kọ́tìnnì ojú fèrèsé yẹn."

"Ẹ kú ìfaradà."

Ó kú díẹ̀ kí Ọdẹ́wálé máa lọ ilé, ni ọ̀gá bá fò sórí tábìlì. Látorí tábìlì, ó fò sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fò mọ́ fáànù àjà, ó ń bá a yí. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ kú oríire! Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ní kí ọkọ̀ ga."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ iléeṣẹ́ là, Ọdẹ́wálé bá ara rẹ̀ nídìí sítíárì. Píkọ́ọ̀pù ń dìde. Agbọ́kọ̀ga ti wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń kọrin. Ó ga ju ọgbà lọ, ó ga ju òrùlé lọ. Ọdẹ́wálé ní òun rí èmi Káṣìmáwò lórí òrùlé mi, mo ń fá irùngbọ̀n, a sì kí ara wa. Èmi ò mọ ohun tí mo ń wá níbẹ̀ o. Ó ní ara òun yá, àfi ìgbà tí òun wo ìsàlẹ̀.

Màmá ló dúró nísàlẹ̀. Wọ́n ti múra, wọ́n gbé báàgì ìrìn àjò wọn dání, wọ́n kéré bí ẹyọ àgbàdo.

"Àlàó," ni wọ́n ń pè é, torí oríkì rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè, "ilẹ̀kùn dà?"

"Ó wà lókè, Màmá!"

"Sọ ọ́ sílẹ̀ fún mi."

Ọdẹ́wálé bẹ ọkọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n dìde, sà. Mo ti dìde. Èmi ò tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kankan mọ́." Ó bá ń lọ fúnra rẹ̀. Ọdẹ́wálé ń pariwo, "Màmá ò tíì wọlé o!" Ta ló ń dá a lóhùn? Wọ́n dé ibi òkúta, ọkọ̀ ré e kọjá bí ẹni tó ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Òkúta ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ rọra o. Ẹ kí ìyá yín tó wúwo." Ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti dé abà.

Màmá Abà wà lórí ẹní lábẹ́ igi òrombó. Wọ́n fi ọwọ́ bojú, wọ́n gbé ojú sókè.

"Ta nìyẹn lókè níbẹ̀?"

"Èmi Ọdẹ́wálé ni o, Màmá! Ẹ wò ó, a kọjá òkúta! Kò fara kàn wá rárá!"

"O ṣeun. Àbúrò mi dà?"

Ọdẹ́wálé wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó, ọ̀gá iléeṣẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ àti ìwo rẹ̀, ó ń jẹ timùtimù àga.

"Mẹ̀ẹ́," ni ọ̀gá wí.

Màmá Abà ní, "Àbúrò mi ni mo bi ọ́, o ń fi ewúrẹ́ hàn mí. Ṣé mo ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ni? Èmi àti ọkọ̀ yìí kọ́ la jọ mu ọmú kan náà."

Ọdẹ́wálé sọ fún mi pé ibi tí àlá náà ti dun òun nìyẹn. Àtẹ̀gùn orúnkún kò dùn ún, ọ̀gá tó di ewúrẹ́ kò dùn ún, ṣùgbọ́n bí Màmá Abà ṣe wolẹ̀, tí wọn ò wo òun mọ́, omi bọ́ lójú òun. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n. Ó na ẹsẹ̀, kò kan ilẹ̀. Ó tún nà án, kò kan ilẹ̀. Ó wá fi ara sílẹ̀ pátápátá, ó jábọ́.

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló jábọ́ sí. Ìyá Tinúadé la ojú kan. "Sípíríǹgì náà nìyẹn?" Ó yíjú sí ògiri.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ọdẹ́wálé gbọ́ ariwo ìyá rẹ̀ níta: "Jáde níbẹ̀! Jáde, àìlójútì!" Èmi náà ti ń rún orín níwájú ilé mi, ibí yìí ni mo ti fi ojú ara mi rí i. Ẹnì kan ló gbàgbé ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù ní ṣíṣí. Òbúkọ ará ẹ̀yìnkùlé ti wọlé, ó jókòó síbi ìjókòó Màmá, ó ń fa fóòmù àga yọ, ó ń jẹ ẹ́. Ọdẹ́wálé jáde pẹ̀lú ṣòkòtò oorun. Ó rí òbúkọ yìí, ni ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

Màmá wò ó. Mo wò ó. Òbúkọ náà wò ó, ó sì bẹ́ sílẹ̀, ó lọ.

Màmá ní kó wá jókòó, kó sọ ohun tó ń ṣe é. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí òkúta ti ń rojọ́, Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Nígbà tó dé ibi tí Màmá Abà ti béèrè àbúrò wọn, ẹ̀rín náà tán.

"Ó ní àbúrò òun dà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ọdẹ́wálé nu ojú. "Màmá, sípíríǹgì wo lẹ̀yin fẹ́?"

"Háà! O bi Káṣìmáwò. O bi ìyàwó rẹ. O bi ẹni tó ń gẹ irun rẹ. O bá òkúta ṣèpàdé lójú oorun. Èmi lo wá rántí kẹ́yìn."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mú èyí tó ga."

"Ẹ ò ní lè gùn ún o."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ gùn ún? Ọ̀nà yẹn ti sú mi, Àlàó. Lọ gbé ẹ̀gbọ́n mi wá fún mi. Yàrá mi gba èèyàn méjì. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá mú òun, mo ń sọ fún un pé ọkọ̀ ò dáa. Gbé e bó o ṣe fẹ́, kò ní bínú. Èmi nìkan ni ìyá wa bí ní alágídí."

Rábíù dé, ó fajú ro, ó ní tí wọn ò bá tíì mú ọ̀kan, òun ń lọ. Màmá ní, "Agbọ́kọ̀ga. Máa ṣiṣẹ́ rẹ." Ó tú ewé irin tó pọ̀ jù kúrò lẹ́yìn, ó so tuntun mọ́ ọn, ọkọ̀ dìde, ó dúró ṣánṣán. Ọdẹ́wálé fi ìrọ̀rí dí ibi tí òbúkọ jẹ, ó sì lọ. Ó kọjá òkúta, òkúta náà kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó padà dé, gbogbo àdúgbò ló jáde. Màmá Abà wà lókè níwájú ọkọ̀, wọ́n yọ ojú lójú fèrèsé, wọ́n ń kí tọmọdé tàgbà. Ọdẹ́wálé na ọwọ́ láti gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbá a lọ́wọ́.

"Fi mí sílẹ̀. Mo ń wo ìlú."

Màmá dúró nísàlẹ̀, wọ́n gbé ọrùn sókè, wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀. Ti òkè kò gbọ́ ti ìsàlẹ̀ dáadáa, ti ìsàlẹ̀ ń pariwo, ọrùn ti ń ro ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n gbé ọ̀pá wọn lé mi lọ́wọ́.

"Àlàó."

"Màmá."

"Wá gbé mi."

Ọdẹ́wálé gbé ìyá rẹ̀, ó rọra gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Màmá na ọwọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ọkọ̀ kò lọ síbì kankan. Ibẹ̀ ni Ìyá Tinúadé gbé oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn méjèèjì, láti ojú fèrèsé.